Ọjọ́ Là Ń Rà, A Kì í Ra Ẹkùn

Ẹkùn tí bàbá bàbá mi máa ń kì nígbà tó bá ti ìgbẹ́ ọdẹ dé, ẹran tí àmì kún ara rẹ̀ tótòòtó ni. Awọ ọ̀kan wà nínú àpótí rẹ̀, ó fi aṣọ funfun wé e, àwa ọmọdé kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo dé ilé ìwé, ẹkùn tó wà nínú àwòrán tí tíṣà gbé kọ́ ara ògiri kò ní àmì kankan. Ilà dúdú ló bo ara tirẹ̀ láti iwájú orí dé ìdí ìrù. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé ẹranko méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ń fi orúkọ kan pè. Alámì ni ti ilẹ̀ wa, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní àmọ̀tẹ́kùn báyìí. Abilà kò sí nínú igbó ilẹ̀ Áfíríkà rárá. Éṣíà nilé rẹ̀, bí a bá sì kó mẹ́rin jọ nínú àwọn tó ṣẹ́kù nínú igbó láyé, nǹkan bíi mẹ́ta nínú wọn á jẹ́ ti Íńdíà.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i níbi tó ti ń rìn fàlàlà, láìsí irin láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀nà Íńdíà ló yẹ kó wá. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Àṣìṣe ló kún inú ti àkọ́kọ́. Nígbà kejì, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin jókòó, a fi oṣù mẹ́fà gbáko múra sílẹ̀. Ohun tí mo kọ́ láàárín méjèèjì ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín, torí àwọn èèyàn wa tó ń lọ sí Íńdíà fún ìwòsàn, fún òwò tàbí fún ẹ̀kọ́ pọ̀ lọ jàra. Wọ́n ń dé Delhi, wọ́n ń padà wálé, wọn ò mọ̀ pé nǹkan bíi wákàtí márùn-ún péré nínú ọkọ̀ ojú irin ló wà láàárín àwọn àti ẹkùn.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé ènìyàn ni pé ọjọ́ là ń rà, a kì í ra ẹkùn. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń jẹ́ kí àlejò wọ igbó: ní ìdájí àti ní ọ̀sán. Ìwọlé kọ̀ọ̀kan tó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́ta ààbọ̀, bí àkókò bá sì ti pé, gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Láàárín wákàtí yẹn, ẹkùn lè dùbúlẹ̀ sẹ́yìn koríko tí kò jìnnà sí yín ju ẹnu ọ̀nà ilé sí gbàgede lọ, kó máa wò yín, kí ẹ kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tó bá ra ìwọlé ẹyọ kan ń ta tẹ́tẹ́ ni. Nígbà àkọ́kọ́ mi, méjì ni mo rà. Mo rí ọ̀kín, mo rí àgbọ̀nrín, eruku kún mi nímú, n kò rí ẹkùn. Nígbà kejì a ra mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ìkarùn-ún la tó rí i. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ra kéré sí mẹ́rin. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé mẹ́fà, kó ra mẹ́fà, kó mú nínú owó òtẹ́ẹ̀lì fi kún un; yàrá olówó ńlá kò lè pe ẹkùn wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé dandan ni kí ẹ rí i, ẹ má ṣe fi owó yín sí i lọ́wọ́.

Igbó tí Íńdíà yà sọ́tọ̀ fún ẹkùn ti lé ní 50. Corbett wà lẹ́sẹ̀ òkè Himalaya. Sundarbans wà níbi tí odò ńlá ti ń wọ òkun, ẹkùn ibẹ̀ ń wẹ̀ nínú omi iyọ̀ láti erékùṣù kan dé òmíràn. Ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà ni Kanha àti Bandhavgarh wà, àwọn méjèèjì dára gidigidi; ẹni tó bá sì fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà ara òkúta lè da igbó Panna pọ̀ mọ́ àwọn tẹ́ńpìlì Khajuraho tó wà nítòsí rẹ̀, tí àwọn ọba Chandela kọ́ ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, Ranthambore ni mo máa ń darí rẹ̀ sí. Ìpínlẹ̀ Rajasthan ló wà. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Delhi lọ sí Mumbai ń dúró ní Sawai Madhopur, ìlú tó wà lẹ́nu igbó náà. Jaipur àti Agra kò jìnnà sí i. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, igi rẹ̀ kò ṣú mọ́ra, nítorí náà ojú ń ríran jìnnà. Adágún wà nínú rẹ̀, odi ọba àtijọ́ sì wà lórí àpáta láàárín rẹ̀, èyí tí mo máa padà sórí rẹ̀.

Ìgbà tí ẹ máa lọ ṣe pàtàkì ju ibi tí ẹ máa sùn lọ. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ni àárín igbó náà ń ṣí, ìparí oṣù Kẹfà ló ń tì. Láti oṣù Keje dé ìkẹsàn-án, òjò ńlá wọn ni. Ọ̀nà ń bàjẹ́, koríko ń ga ju ènìyàn lọ. Nínú oṣù mẹ́sàn-án tó kù, ẹni tó bá lọ ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìn-ín-ní yóò pàdé òtútù tí kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi ọyẹ́ tiwa wé e. Ọyẹ́ tiwa ń la ètè ni, òtútù ìdájí Rajasthan ń wọ egungun, pàápàá nínú ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, tí afẹ́fẹ́ ń gbá ènìyàn lójú. Ní oṣù Kẹrin títí dé ìkẹfà, ooru lè dé 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni rírí ẹkùn rọrùn jù. Omi ti gbẹ níbi púpọ̀, ewé ti wọ́ dànù, ó ku adágún díẹ̀ tí gbogbo ẹran ń wá mu. Ẹkùn kì í bẹ̀rù omi bíi ológbò ilé. Ẹ̀yìn ló máa ń fi wọ̀ ọ́, á rọra jókòó síbẹ̀ kí omi mù ún dé ọrùn, á sì wà níbẹ̀ títí oòrùn á fi rẹlẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gba ooru, kó lọ ní oṣù Karùn-ún. Èmi àti àbúrò mi mú ìparí oṣù Kejì bọ́ sí oṣù Kẹta, ìgbà tí òtútù ti ń lọ, tí ooru kò tíì gba ojú ọ̀run, ibẹ̀ náà ni mo sì máa dúró bí ẹ bá bi mí.

Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà lọ, ìwé tó yẹ kó kọ́kọ́ wá ni yẹ́lò káàdì, ẹ̀rí pé ó ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kó tó kan tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Àrùn ibà pọ́njú kò sí ní Íńdíà, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó lè gbé e kiri pọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré fún ẹni tó ti ilẹ̀ wa dé. Ó gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá, ó kéré tán, tí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ náà kí ẹ tó gúnlẹ̀. Ẹni tí kò bá ní i, wọ́n lè sé e mọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́fà yẹn á sì gbé gbogbo ètò rẹ̀ lọ. Físà arìnrìn-àjò afẹ́ ni kí ẹ béèrè fún, kí ẹ sì béèrè fún un ní kùtùkùtù. Àwọn èèyàn wa sábà máa ń gba Addis Ababa, Dubai tàbí Doha kọjá sí Delhi. Aago wọn fi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ṣáájú tiwa: bí ó bá jẹ́ aago méje àárọ̀ ní Èkó, aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni ní Delhi. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ bá dé sùn. Ẹni tí kò sùn dáadáa kò lè jí lágogo márùn-ún ìdájí kó jókòó sínú jíìpù láìtòògbé.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìwé ìwọlé. Wọ́n pín Ranthambore sí apá mẹ́wàá, wọ́n sì fi nọ́ńbà pè wọ́n. Apá kìn-ín-ní dé ìkarùn-ún ni àwọn ti àtijọ́, ibẹ̀ ni adágún Padam Talao, Rajbagh àti Malik Talao wà. Ẹkùn wà nínú àwọn apá yòókù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìwọlé mẹ́fà lẹ ní, ẹ gbìyànjú kí mẹ́rin bọ́ sí àwọn apá adágún. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó ti ń tà á, oṣù púpọ̀ ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò. Owó àlejò òkèèrè ju ti ọmọ onílẹ̀ lọ. Oríṣi ọkọ̀ méjì ló wà. Jíìpù kékeré tí wọ́n ń pè ní Gypsy ń gba àlejò mẹ́fà, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní Canter ń gba ogún. Canter dínwó, ṣùgbọ́n ogún ènìyàn kì í dákẹ́ pọ̀. Ẹ mú Gypsy.

Orúkọ tó wà lórí ìwé ìwọlé gbọ́dọ̀ bá ti páàsípọ́ọ̀tù mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ibi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ́ǹtì kan ní Èkó ni mo fi gbogbo ètò lé lọ́wọ́. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí nílé ló kọ sórí ìwé ọ̀kan nínú ìwọlé méjèèjì, nọ́ńbà páàsípọ́ọ̀tù mi àtijọ́ tó ti kú ló sì fi sí i. Nígbà tí a dé ẹnubodè, ẹ̀ṣọ́ wo ìwé, ó wo ojú mi, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń wo jíìpù tó gbé àwọn yòókù lọ títí eruku rẹ̀ fi bò ó. Mo ní kí ẹni náà dá owó ìwọlé yẹn padà, kò dá a padà. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ orúkọ mi sí ohunkóhun, mo sì ń gbé ojúlówó páàsípọ́ọ̀tù náà dání, torí ẹ̀dà rẹ̀ nìkan kì í tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú igbó. Aago mẹ́fà kò tíì lù, ilẹ̀ ṣì dúdú, wọ́n fún wa ní bùláńkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ wà níwájú, afinimọ̀nà jókòó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ abúlé tó wà létí igbó ni afinimọ̀nà wa, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí mo rò ni pé ojú ni a máa fi wá ẹkùn, kí a máa wo ọ̀tún wo òsì. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé etí ni. Bí a bá ti rìn díẹ̀, á ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, a ó sì jókòó sínú ìdákẹ́jẹ́ náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá, a ń gbọ́ igbó.

Ẹran tí ẹkùn ń pa jẹ ló ń sọ ibi tó wà. Oríṣi àgbọ̀nrín méjì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Chital, tí ara rẹ̀ ní àmì funfun wínníwínní, ń ké kíkan, ohùn rẹ̀ mú bí fèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tètè ń bà á, ó lè tìtorí ajá igbó ké, ó lè tìtorí àmọ̀tẹ́kùn. Sambar ga, ara rẹ̀ dúdú díẹ̀, kì í ké lásán. Ohùn tirẹ̀ nípọn, bí ìgbà tí ènìyàn bá lu àgbá òfìfo lẹ́ẹ̀kan, tó tún dúró. Bí Sambar bá ké, gbogbo afinimọ̀nà ló ń gbé orí sókè. Ọ̀bọ olójú dúdú tí wọ́n ń pè ní langur ń jókòó sórí igi bí ẹ̀ṣọ́, ó ń rí ẹkùn láti òkè, ó sì ń wú ikọ́ gbígbẹ léraléra. Ibi tó bá kọjú sí lẹkùn wà. Mo rántí bàbá bàbá mi. Bó ṣe máa ń sọ fún wa pé ẹyẹ ń fẹjọ́ ẹni tó ń bọ̀ sùn nìyẹn, mo rò pé àlọ́ ló ń pa fún wa.

Lójú ọ̀nà, ipasẹ̀ ni wọ́n ń kà. Eruku pupa ibẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èlùbọ́ tí a jọ̀, ohunkóhun tó bá tẹ̀ ẹ́ ló ń fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀. Afinimọ̀nà na ìka sí ọ̀kan láti inú ọkọ̀: àtẹ́lẹsẹ̀ kan, ọmọ ìka mẹ́rin, kò sí èékánná, torí ẹkùn ń fa èékánná rẹ̀ wọlé bó bá ń rìn. Etí ojú ẹsẹ̀ náà ṣì mú, atẹ́gùn kò tíì fẹ́ ẹ dànù. Ó ní kò tíì pé wákàtí kan.

Ní ìwọlé karùn-ún, Sambar ké lẹ́ẹ̀mẹta lápá òsì adágún Rajbagh. Awakọ̀ kò sáré. Ó yí ọkọ̀ padà jẹ́ẹ́, ó gbé e dúró síbi tí ọ̀nà ti fẹ́ bọ́ sínú koríko, ó pa ẹ́ńjìnnì. A dúró pẹ́, ọwọ́ àbúrò mi wà lórí orúnkún mi. Lẹ́yìn náà koríko là, abo ẹkùn kan jáde. Kò wò wá. Ó gba iwájú ọkọ̀ wa kọjá bí ìyá àgbà tó ń kọjá ní àgbàlá ilé ara rẹ̀. Bó ṣe yí orí padà ni mo rí i pé ẹ̀yìn etí rẹ̀ dúdú, àmì funfun róbótó kan sì wà láàárín rẹ̀ bí ojú kejì. Ó dúró lẹ́bàá igi kan, ó gbé ìrù sókè, ó tọ̀ sí ara igi náà láti fi pààlà ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, afẹ́fẹ́ gbé òórùn kan wá, òórùn ìrẹsì tó ń hó lórí iná. Mo rò pé ebi ló ń pa mí. Afinimọ̀nà ló sọ pé òórùn ẹkùn nìyẹn. Lóòótọ́, èròjà kan náà tó ń mú kí ìrẹsì basmati máa ta sánsán wà nínú omi tí ẹkùn fi ń sàmì sí ilẹ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

Kí ènìyàn tó lè rí ìṣẹ́jú mẹ́rin bẹ́ẹ̀, ó ní bó ṣe yẹ kó ṣe. Aṣọ aláwọ̀ eruku tàbí aláwọ̀ ewé gbígbẹ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ fi àǹkárá pupa àti léèsì funfun sílẹ̀ fún Jaipur. Ẹ má fín lọ́fínńdà. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, bó ti wù kó rí. Ẹ pa ohùn fóònù. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má bá awakọ̀ ṣàdéhùn owó kó lè sún mọ́ ẹkùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti gbọ́ nípa ibi tí ọkọ̀ mẹ́wàá ti sé abo ẹkùn mọ́lé, tí gbogbo ènìyàn ń pariwo, tí ẹranko náà ń wá ojú ọ̀nà tí yóò gbà lọ. Inú mi bàjẹ́ ní gbogbo ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ.

Pé ẹkùn wà níbẹ̀ rárá, kì í ṣe ohun kékeré. Ilẹ̀ ọdẹ àwọn ọba Jaipur ni igbó yìí tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1961, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà kò tíì pé oṣù mẹ́rin, ọba Jaipur gba Ọbabìnrin Elizabeth Kejì àti ọkọ rẹ̀ lálejò níbẹ̀, Ọmọba Philip sì yìnbọn pa ẹkùn kan. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ẹkùn ní 1972, 1,827 ló kù ní gbogbo Íńdíà. Ọdún yẹn ni òfin kan jáde tó dáàbò bo ẹranko igbó. Ní 1973, ìjọba Indira Gandhi bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní Project Tiger pẹ̀lú igbó mẹ́sàn-án, Ranthambore sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀nà náà kò gún. Àwọn apẹran-tà ń wọlé lóru. Ní Sariska, tí kò jìnnà sí Jaipur, a jí lọ́jọ́ kan ní nǹkan bí 2005, kò ku ẹyọ ẹkùn kan. Ní 2008 ni wọ́n tó fi hẹlikọ́pítà gbé òmíràn láti Ranthambore lọ síbẹ̀. Ní 2006, iye gbogbo wọn ní Íńdíà kò ju 1,411 lọ. Nígbà tó fi di 2022, ó ti di nǹkan bí 3,682. Kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ ara igi ni wọ́n fi ń kà wọ́n, torí ilà ara ẹkùn méjì kì í dọ́gba, bí ìlà àtàǹpàkò ènìyàn.

Ẹnì kan tó wà nídìí Project Tiger ní Ranthambore ni Fateh Singh Rathore, tó ṣí àwọn abúlé nídìí kúrò nínú igbó. Ní 1981, àwọn ará abúlé kan dá a lọ́nà, wọ́n lù ú dé ojú ikú. N kò lè dá wọn lẹ́bi tán, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè sọ pé ohun tí ọkùnrin náà ṣe kò dára. Ilẹ̀ baba wọn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Títí di òní, àwọn tó ń gbé létí igbó ló ń san owó orí ẹkùn tí àwa ń lọ wò. Ní oṣù Kẹrin 2025, ẹkùn pa ọmọdékùnrin kan tó ń bá ẹbí rẹ̀ bọ̀ láti tẹ́ńpìlì inú igbó náà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣètò owó yín, ẹ jẹ́ kí ó dé ọwọ́ wọn: ẹ sùn sí ilé ìtura tó jẹ́ ti ọmọ ìlú, ẹ ra aṣọ tí àwọn obìnrin abúlé fi ọwọ́ rán, ẹ fún afinimọ̀nà lówó ọwọ́ yín tààrà.

Ẹ wá jẹ́ ká gun odi ọba àtijọ́ inú igbó náà. Ó ti wà láti nǹkan bíi 1,000 ọdún sẹ́yìn, lórí àpáta tó ga fíofío. Ní 1301 ni Alauddin Khalji, ọba Delhi, gbà á lọ́wọ́ Ọba Hammir Dev. UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn odi Rajasthan tó jẹ́ ogún gbogbo ayé ní 2013. Ṣùgbọ́n tẹ́ńpìlì Ganesh tó wà nínú rẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn. Ganesh, òrìṣà olórí erin, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ké pè kí wọ́n tó dáwọ́ lé ohunkóhun. Bí ìgbéyàwó bá wọlé dé, láti apá ibi gbogbo ní Íńdíà, wọ́n ń fi káàdì ìpè ránṣẹ́ sí i. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ń gbé e wá, àwọn àlùfáà ń kà á síwájú òrìṣà. Mo rí òkìtì rẹ̀ níbẹ̀, káàdì pupa, káàdì oníwúrà, orúkọ ọkọ àti ìyàwó lára gbogbo wọn. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń fi obì ránṣẹ́ sí ẹbí kí wọ́n tó dájọ́ ìgbéyàwó ló sọ sí mi lọ́kàn. Ìwọlé sí odi náà kò nílò ìwé ìwọlé igbó, ẹ lè fi ọ̀sán tí ẹ kò bá wọ igbó ṣe é.

Igbó ló yẹ kó ṣáájú ìlú. Ohùn fèrè ọkọ̀ Jaipur àti Agra ń pa etí, ẹni tí etí rẹ̀ ti kún kò ní tètè gbọ́ Sambar. Jaipur, tí Ọba Jai Singh Kejì tẹ̀dó ní 1727, ni wọ́n kùn ní àwọ̀ osùn ní 1876 láti fi pàdé ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì kan. Hawa Mahal wà níbẹ̀, ilé onífèrèsé kéékèèké 953, tí àwọn obìnrin ààfin àtijọ́ máa ń tibẹ̀ wo ìgboro láìsí ẹni tó rí wọn. Ẹ lo tó ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo rẹ̀ wo ààfin. Ẹ yà sí Bagru, abúlé àwọn aláró. Wọ́n ń po ẹrẹ̀, wọ́n ń fi igi gbígbẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ funfun, wọ́n ń da lẹ́búlẹ́bú igi sí i kó má baà lẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì ń rì í sínú ìkòkò aró. Ibi tí ẹrẹ̀ bá wà, aró kò ní mú un. Mo dúró, mo ń wò wọ́n, bí ẹni pé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo wà. Ẹ̀kọ láfún làwọn ìyá tiwa ń lò níbi tí wọ́n ti ń lo ẹrẹ̀, ẹlú sì ni aró méjèèjì. Bàbá tó ń tẹ aṣọ náà gba fóònù mi, ó wo àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí mo fi hàn án, ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó.

Láti Jaipur sí Agra, ẹ gba Fatehpur Sikri kọjá, ìlú tí Ọba Akbar bẹ̀rẹ̀ ní 1571. Taj Mahal tó wà ní Agra kì í ṣí ní ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀pọ̀ ló ti fi èyí pàdánù ọjọ́ kan. Ẹ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Ọba Shah Jahan kọ́ ọ sórí ibojì aya rẹ̀, Mumtaz Mahal, tó kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1631. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú yín á rí i. Ní ti oúnjẹ, ẹ má dààmú: wọ́n ń jẹ ata, dal wọn sì sún mọ́ gbẹ̀gìrì débi pé àbúrò mi ń béèrè pé àmàlà dà. Gbogbo ìrìn-àjò náà, láti Delhi dé Delhi, ọjọ́ mẹ́wàá ló gbà wá.

Ìwọlé kẹfà wa, ọ̀sán ọjọ́ tó gbẹ̀yìn nínú igbó, a kò rí nǹkan kan. Ohùn kankan kò jáde. Aago fẹ́ pé, awakọ̀ yí padà, a gba ọ̀nà kan náà tí a bá wọlé padà jáde. Níbi tí ọ̀nà ti yà sí adágún, ó tẹ bíréèkì. Ipasẹ̀ ẹkùn wà lórí ipa táyà ọkọ̀ wa, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó bá a lọ tó ogún ìṣísẹ̀, ó wá yà sínú koríko. Ẹ̀yìn wa ló ti ń bọ̀. Àbúrò mi na ọwọ́ jáde láti inú jíìpù, ó ya àwòrán rẹ̀. A ní àwòrán abo ẹkùn ti Rajbagh, ó mọ́lẹ̀ kedere, ojú rẹ̀ hàn; ṣùgbọ́n ti ipasẹ̀ orí ipa táyà yẹn ló tẹ̀ jáde, òun ló wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn.